Ipò Ìbí àti Òmìnira Ẹ̀dá: Ọ̀ràn Ahmed Timol ní Johannesburg lójú Ìmọ̀ Kádàrá

Ní ọdún 1945, Jean-Paul Sartre, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Paris, níbi tí ó ti là á kalẹ̀ pé ènìyàn kọ́kọ́ ń wà láyé ná, kí ó tó fi ìṣe ara rẹ̀ sọ irú ẹni tí òun jẹ́. Sartre kò gbà pé Ẹlẹ́dàá wà. Níbẹ̀ ni ọ̀nà òun àti ti Mùsùlùmí ti pínyà pátápátá. Síbẹ̀, kò sẹ́ pé kò sí ẹni tí ó yan òbí, ìlú tàbí àwọ̀ ara rẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ọwọ́ ènìyàn ni ohun tí yóò fi wọ́n ṣe wà.

Àríyànjiyàn yìí kò ṣàjèjì sí àwọn onímọ̀ Islam. Àwọn Jabriyyah ní ẹ̀dá kò ní agbára kankan lórí iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn Qadariyyah ní òun fúnra rẹ̀ ni ó ń dá a. Imam Al-Ash‘ari gba àárín wọn kọjá pẹ̀lú ìmọ̀ kasb: Ọlọ́hun ni Ó dá iṣẹ́, ẹ̀dá ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á ní tirẹ̀, òun ni yóò sì jíhìn.

Ní ọdún 1950, ìjọba South Africa ṣe òfin tí ó pín àwọn ará ìlú sí ẹ̀yà, ó sì fi òfin mìíràn pààlà ibi tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lè gbé. Òfin yìí ni wọ́n fi kó àwọn ìdílé tí ó ṣẹ̀ wá láti Íńdíà, tí Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, kúrò ní Pageview ní Johannesburg lọ sí Lenasia, ibi tí ó jìnnà réré sí àárín ìlú. Suratul-Hujurat, ẹsẹ 13, fi yé ni pé nítorí kí àwọn ènìyàn lè mọ ara wọn ni a ṣe dá wọn ní ẹ̀yà, àti pé ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni òṣùwọ̀n iyì. Òfin ọdún 1950 fi ìbí ṣe òṣùwọ̀n ohun gbogbo.

Abẹ́ òfin bẹ́ẹ̀ ni Ahmed Timol dàgbà sí. Wọ́n bí i ní ọdún 1941, ó ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Roodepoort, ó lọ sí Haji ní ọdún 1966, ó sì wọ ẹgbẹ́ Kọ́múnísì tí ìjọba ti fòfin dè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1971, àwọn ọlọ́pàá mú un. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó kú ní John Vorster Square, olú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Johannesburg. Wọ́n ní ó bẹ́ láti ojú fèrèsé àjà kẹwàá ni. Ilé ẹjọ́ sì fara mọ́ ọn ní ọdún 1972.

Ìjọba tí kò jẹ́ kí ó yan ibi tí yóò gbé tàbí ẹni tí yóò dìbò fún wá ń sọ pé ikú ni ohun tí ó fi òmìnira ara rẹ̀ yàn. Ẹ̀sùn ńlá ni èyí fún ilé Mùsùlùmí, nítorí Suratun-Nisa, ẹsẹ 29, kọ pípa ara ẹni. Àwọn ẹbí rẹ̀ kò gbà á rí. Ní ọdún 2017, Adájọ́ Billy Mothle yí ìdájọ́ àtijọ́ padà: wọ́n dá Timol lóró, pípa ni wọ́n sì pa á.

Níhìn-ín ni ìmọ̀ àwọn aṣíwájú ti wúlò. Sartre ní ẹni tí a fi sínú ìdè pàápàá ṣì wà lómìnira. Ọ̀rọ̀ náà ga, ṣùgbọ́n ó wúwo jù fún ẹni tí a ń dá lóró. Àwọn onímọ̀ fiqh, nípa ìtàn Ammar ọmọ Yasir, mọ̀ pé ohun tí a fi ipá gbà lẹ́nu ẹ̀dá kì í ṣe yíyàn rẹ̀. Àwọn Ahlus-Sunnah sì gbà pé ẹni tí a pa kú ní àsìkò tí a kọ fún un, síbẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ pípa wà lọ́rùn ẹni tí ó pa á. Kádàrá kì í ṣe àwíjàre fún apànìyàn.

Ní ọdún 2018, wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan João Rodrigues, ọlọ́pàá tí ó jẹ́rìí pé òun wà pẹ̀lú Timol nínú yàrá náà. Ó kú ní ọdún 2021, kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀.