Èlé àti Ojú Owó

Ní ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ìnáwó ńlá bá dé bá ènìyàn, a máa yá owó lọ́wọ́ olówó, òun tìkára rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ yóò sì di ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà a máa ṣiṣẹ́ fún olówó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, èlé ni ó dúró fún. Kò dín ojú owó kù rárá. Ẹni tí ó yá ọ̀kẹ́ márùn-ún, bí ó tilẹ̀ sìn fún ọdún mẹ́wàá, ọ̀kẹ́ márùn-ún náà ni yóò kó kalẹ̀ kí ó tó gba ara rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn báńkì ń lò lóde òní, bí ènìyàn bá yá owó kọ́ ilé tàbí ra ọkọ̀. Amortization ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Láti inú èdè Faransé àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ikú sì wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀: a ń pa gbèsè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú. Iye kan náà ni onígbèsè ń san ní ìgbà gbogbo. A ó kọ́kọ́ yọ èlé nínú rẹ̀, a ó sì fi gbogbo ìyókù dín ojú owó kù. Bí ojú owó bá sì ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni èlé pẹ̀lú ń dín kù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ká ní ọkùnrin kan yá ₦210,000 fún ọdún méjì, tí èlé ọdún kan sì jẹ́ ₦10 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan. ₦121,000 ni yóò san ní òpin ọdún kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún kìn-ín-ní, èlé gba ₦21,000. ₦100,000 tí ó kù sọ gbèsè di ₦110,000. Ní ọdún kejì, èlé kò ju ₦11,000 lọ. ₦110,000 tí ó kù pa gbèsè náà rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé èlé nìkan ni ó ń san, yóò ti san ₦42,000 ní ọdún méjì náà, síbẹ̀ ₦210,000 yóò wà lọ́rùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti ìwọ̀fà.

Nítorí náà, kí ènìyàn tó fọwọ́ sí ìwé owó yíyá, kí ó má ṣe bèèrè iye tí yóò máa san nìkan. Kí ó bèèrè pẹ̀lú pé èló nínú rẹ̀ ni yóò kan ojú owó. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà; díẹ̀díẹ̀ náà ni ọlọgbọ́n fi ń bọ́ lọ́wọ́ gbèsè.