ÀPÓTÍ ÌMỌ̀: Ṣírò Wáàtì Kí O Tó Ra Ẹ̀yà Kọ̀ǹpútà Géèmù

Páwà sọ́pùláì ni ẹ̀yà tó ń yí iná 230 fóltì inú ilé padà sí iná kékeré tí kọ̀ǹpútà lè lò. Wáàtì ni a fi ń wọn agbára rẹ̀. Ní ìlú bí Òsí tàbí Ìlọ́fà, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń bá iná ọba pín iṣẹ́ ṣe, ìṣirò yìí ló yẹ kó ṣáájú ohunkóhun. Wo àpẹẹrẹ yìí: káàdì àwòrán RTX 4060 ń lo wáàtì 115, 65 ni wọ́n kọ fún pírósẹ́sọ̀ Ryzen 5 5600, ká sì fi 70 kún un fún ìyókù: 115 + 65 + 70 = 250. Páwà sọ́pùláì oníwáàtì 500 yóò gbé e láìfi ara ni.

Ẹnì kan lè sọ pé 500 yóò jẹ epo jù. Kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tí àwọn ẹ̀yà bá béèrè nìkan ló ń fà, pẹ̀lú ìwọ̀nba tó ń ṣòfò bí ooru. Bí ó bá ń lo ìdá 85 nínú 100 dáadáa, 250 ÷ 0.85 = wáàtì 294 ni yóò fà lára ògiri. Páwà sọ́pùláì tí kò bá ní àmì 80 PLUS lára, ìyẹn ẹ̀rí pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀, má rà á.