Fáníìṣì tí ó yẹ ògiri onípákó
Ẹni tí ó bá ra pákó ní ọjà Bódìjà láti fi bo ògiri inú ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú igi tí ó rà, kí owó rẹ̀ má bàa ṣòfò.

Kòkòrò a máa tètè jẹ arère. Oògùn apakòkòrò ni kí a kọ́kọ́ fi kùn ún, nítorí fáníìṣì kì í pa kòkòrò tí ó ti wà nínú igi.

Ìrókò le, ṣùgbọ́n oje inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí fáníìṣì olóròóró tètè gbẹ. Ẹ dán an wò lára ègé pákó kan ná.

Lékè gbogbo rẹ̀, pákó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa: fáníìṣì orí pákó tútù yóò bó. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.