Orúkọ Ohun tí Ó Ṣẹlẹ̀ ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Nígbà tí ariwo bá sọ ní ìgboro, ohun tí Yorùbá kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ọ̀rọ̀ ìṣe ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì náà lè bèèrè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kí ó kọ ìròyìn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ ni ó fẹ́ràn jù: event, incident, occurrence, accident, occasion, episode, affair. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè yóò rí i pé ọ̀kan ni a fi ń túmọ̀ èkejì, yóò sì rò pé èyí tí ó bá wù ú ni kí ó mú. Ní ọdún 1852, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Peter Mark Roget tẹ ìwé kan jáde tí ó kó ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ ní agbo-agbo gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ wọn. Ìwé náà wúlò títí di òní, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ tí a bá nínú agbo ilé kan ni a lè rán ní iṣẹ́ kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbòǹgbò wọn díẹ̀. Event ti inú èdè Látìn wá, ohun tí ó jáde wá ni. Occurrence, láti inú Látìn bákan náà, ní sísáré pàdé nínú, ó sì mú wa rántí bí àwa ti ń wí pé ènìyàn pàdé àgbákò lọ́nà. Ọmọ ìyá ni accident àti incident: ìṣubú ni ó wà ní ìdí àwọn méjèèjì, ohun tí ó wá ṣubú lu nǹkan. Ẹni tí ó bá fetí sí ọ̀rọ̀ wa àjálù yóò gbọ́ ohun kan náà, ohun tí ó já lu ènìyàn. Happen kò bá àwọn wọ̀nyí tan. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ará àríwá Yúróòpù tí wọ́n tẹ̀dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ ni happ ti wá. Oríire ni ìtumọ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ ni happy àti perhaps sì ti jáde. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní happy, olóríire ni ó jẹ́ kí ó tó di aláyọ̀.

Ní ti ìlò wọn, event ni èyí tí ó wúwo, bí ìwúyè ọba. Occasion fara pẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n àkókò ni ó ń tọ́ka sí ju nǹkan náà lọ, aṣọ òde sì sábà máa ń bá a rìn. Occurrence tutù bí omi inú àmù. Kò yọ̀, kò sì sunkún. Episode ni ẹyọ kan nínú ohun tí ó ń tẹ̀ léra. Affair ni ọ̀ràn, ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra: bí a bá kọ ọ́ pé ọ̀gá ilé ìwé ń bójú tó affairs rẹ̀, kò sí ohun tí ó burú, bí a bá kọ ọ́ pé ọ̀gá ní affair, ilé ọ̀gá yóò gbóná. Incident kéré ju event lọ, ọgbọ́n kan sì wà nínú rẹ̀. Bí ọmọ ogun orílẹ̀-èdè méjì bá yìnbọn sí ara wọn ní ààlà, àwọn aṣojú ìjọba lè pè é ní incident, kí ó má baà di ogun.

Accident ni ó yẹ kí a dúró tì jù, nítorí pé ìdájọ́ wà nínú rẹ̀. Bí a bá pe nǹkan ní accident, a ti wí pé èèṣì ni, pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àwa a máa fi jàǹbá túmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n wọn kò bára mu. A lè sọ pé ọ̀tá ṣe ènìyàn ní jàǹbá, ọ̀tá náà sì mọ ohun tí ó ń ṣe. Jàǹbá ń sọ ìpalára. Kò sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Bí Yorùbá bá fẹ́ yọ ara rẹ̀ nínú ẹ̀bi, ọ̀nà mìíràn ni ó ń gbà: kò ní sọ pé òun fọ́ àwo, yóò ní àwo fọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Àwọn elédè gan-an ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí jà. Ní 2001, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ British Medical Journal kéde pé òun kò fẹ́ accident mọ́ ní ojú ewé òun, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìpalára ni a lè rí tẹ́lẹ̀ kí a sì dènà rẹ̀. Ní 2013, àwọn ọlọ́pàá New York yọ ọ́ kúrò nínú orúkọ ẹ̀ka wọn tí ń wádìí ọ̀ràn ọkọ̀, wọ́n fi collision, èyíinì ni ìkọlura, rọ́pò rẹ̀. Ní 2016, ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn akọ̀ròyìn pé kí wọ́n yẹra fún un níbi tí a bá ti fi ẹ̀sùn àìbìkítà kan ẹnì kan. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti Nàìjíríà pẹ̀lú, crash ni wọ́n ń kọ. Awakọ̀ tí ó mutí yó, tí bíréèkì ọkọ̀ rẹ̀ kò mú, tí ó sì wọ inú ọjà, èèṣì wo ni ó ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bí ògiri ilé ìwé bá wó lu ọmọ kan, olùkọ́ ni yóò kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá kọ accident, ó ti dá ẹjọ́ kí àwọn òbí ọmọ tó dé. Bóyá ògiri náà ti lanu láti ìgbà òjò, tí gbogbo ènìyàn sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní èrò tiwa, kí ó kọ pé ògiri wó lu ọmọ, kí ó kọ ọjọ́ àti wákàtí, kí ó sì kọ bí ògiri ti rí kí ó tó wó. Kí ó fi orúkọ tí a ó pè é sílẹ̀ fún ẹni tí yóò wádìí.

Ní kíláàsì, a lè dán an wò báyìí. Kí olùkọ́ sọ ìtàn kúkúrú mẹ́ta ní Yorùbá: ọmọ kan yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ìkòkò rẹ̀ sì fọ́, ọmọ kejì ń ju ìkòkò sókè, ó ń hán an, títí ó fi fọ́, ẹ̀kẹta bínú, ó là á mọ́lẹ̀. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ ẹni tí a lè wí pé ìkòkò fọ́ mọ́ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó fi accident sí ibi tí ó tọ́. Lórí ọmọ àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta, wọn kò ní pẹ́ fohùn ṣọ̀kan. Ti ọmọ kejì ni wọn yóò jà lé lórí, kí olùkọ́ má sì tètè pa wọ́n lẹ́nu mọ́.