Jẹnẹrétọ̀ Aládùúgbò Kò Jẹ́ Kí N Gbádùn Ọgbà Mi

Ìbéèrè: Mo gbin òdòdó àti ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé mi n'Íkòròdú kí n lè máa jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìdí ògiri wa gan-an ni aládùúgbò mi gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sí, ariwo àti èéfín rẹ̀ kò sì jẹ́ kí n gbádùn ibẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹni tó ti hílàhílo Èkó dé yẹ kó rí ibi fara balẹ̀ sí. Ẹ lọ bá aládùúgbò yín lọ́sàn-án, nígbà tí inú yín bá rọ̀. Ẹ má ṣe ti orí ògiri pariwo mọ́ ọn. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gbé jẹnẹrétọ̀ náà lọ sí apá kejì ilé rẹ̀, níta gbangba, kí èéfín má bàa wọlé. Bí ariwo bá ṣe ń jìnnà ló ń dínkù. Ẹ má gbójú lé òdòdó tí ẹ gbìn: ewé díẹ̀ kì í dí ariwo, ògiri gíga tí kò ní ihò ló ń dín in kù.

Bí kò bá gbọ́, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó máa ń báni parí aáwọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń gbọ́ ẹjọ́ ariwo. Ariwo tí kò ju dẹ̀síbẹ̀lì 55 lọ lọ́sàn-án, 45 lóru, ni wọ́n fàyè gbà ládùúgbò ibùgbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ná kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn.