Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tó Ń Tọ́jú Ìlù àti Ẹ̀rọ Ohùn

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń lùlù, tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, tó ń gbé sípíkà kiri òde àríyá àti ilé ìjọsìn láti Odò-Orò dé Ìkọ̀lé, òjò àti ọyẹ́ ló ń ba irinṣẹ́ yín jẹ́. Ìtọ́jú tí ìgbà méjèèjì ń fẹ́ kò sì jọra.

1. Ẹ kọ́kọ́ kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ onídùndún. Awọ ewúrẹ́ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu lásìkò òjò. Á dẹ̀, ohùn rẹ̀ á rẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá ìlù sóòrùn kí wọ́n tó lọ sóde. Bí ọyẹ́ bá dé, awọ kan náà á gbẹ, á le, ó sì lè fàya. Igi gìtá náà ń gbẹ, ó ń sán.

2. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, ẹ má fi náílọ́nù di ẹ̀rọ pa. Ọ̀rinrin tó há sínú rẹ̀ ni yóò mú irin inú míksà dógùn-ún. Aṣọ òwú ni kí ẹ fi bò ó. Ẹ gbé sípíkà kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, torí bébà ni ojú púpọ̀ nínú wọn. Ẹ máa tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ooru inú rẹ̀ lé ọ̀rinrin jáde. Àpò sílíkà kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, inú àpótí maiki ni kí ẹ kó o sí.

3. Ẹ̀rọ tó ti inú yàrá tútù jáde sínú afẹ́fẹ́ òjò, ẹ má tàn án lójú ẹsẹ̀. Omi á ti sẹ̀ sí i lára.

4. Ọyẹ́ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, torí ìbàjẹ́ tirẹ̀ kì í tètè hàn. Bí ẹ bá ń bọ́ súwẹ́tà tó sì ń ta pátipàti, iná ni ara yín ti kó jọ. Kí èèyàn tó lè mọ̀ ọ́n lára, á ti tó nǹkan bí 3,000 fóltì, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀yà kéékèèké kan wà nínú ẹ̀rọ ìgbàlódé tí kò lè gba 100. Nítorí náà, ẹ fọwọ́ kan irin tó ní wáyà ilẹ̀ kí ẹ tó ṣí ẹ̀rọ tàbí kí ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Ẹ má fi aṣọ náílọ́nù nu míksà.

5. Irin tí àwọn oníná ń rì mọ́lẹ̀ fún wáyà ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ń kó iyọ̀ àti èédú sí nídìí, ẹ máa bu omi sí ìdí rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ilẹ̀ gbígbẹ kì í gbé iná lọ dáadáa. Ìjọ tó ra sípíkà olówó ńlá láìrì irin yìí kò tíì parí iṣẹ́. Ẹ̀yin akọrin, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn alàgbà yín kí ọjọ́ ìkórè tó pé: níbo ni irin tiwa wà?