Augusta Klumpke, Oníṣègùn Ọpọlọ

Ìlú San Francisco ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a bí Augusta Klumpke sí ní ọdún 1859. Ìyá rẹ̀ kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Yúróòpù, àti ní ọdún 1877 Augusta bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Párìsì, olú-ìlú ilẹ̀ Faransé.

Nígbà náà, obìnrin lè kọ́ ìṣègùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan ṣì wà ní títì. Ìdánwò líle kan wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá yege ni a ń gbà sínú ilé-ìwòsàn láti máa tọ́jú aláìsàn lábẹ́ àwọn àgbà oníṣègùn. Ọ̀nà yìí ni àwọn ògbóǹtarìgì ń gbà gòkè, a kò sì jẹ́ kí obìnrin gbà á. Augusta àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Blanche Edwards, kò dákẹ́. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn fọwọ́ sí ìwé láti takò wọ́n, ṣùgbọ́n ìjọba fún wọn láàyè ní ọdún 1885. Ní ọdún 1886 Augusta yege. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà ní Párìsì.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Iṣẹ́ ni Augusta fi dá àwọn alátakò lóhùn. Ní ọdún 1885 kan náà, ó kọ̀wé lórí àrùn kan tí í máa mú kí ọwọ́ rọ, tí ìka kò fi ní lè di nǹkan mú. Ohun ìyanu ni pé ọmọlójú tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ náà a tún máa súnkì. Kí ni ó pa ọwọ́ àti ojú pọ̀? Augusta fi hàn pé àwọn iṣan tí ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ọwọ́, àti àwọn tí ń mú kí ọmọlójú là, ń gba ojú ọ̀nà kan náà jáde láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ ọrùn. Bí ibẹ̀ bá farapa, àwọn méjèèjì a jọ jìyà rẹ̀. Oníṣègùn tí ó bá wo ojú aláìsàn dáadáa lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí iṣan ti bàjẹ́, láì fi ọ̀bẹ kàn án. Títí di òní, orúkọ Klumpke ni a fi ń pe àrùn náà.

Ní ọdún 1888 ó di aya Jules Dejerine, ẹni tí òun náà jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ. Wọ́n jọ ṣe ìwé ńlá kan lórí bí a ti to ọpọlọ. Apá kìíní jáde ní 1895, apá kejì ní 1901. Ní ọdún 1914 a fi Augusta jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Párìsì, ipò tí obìnrin kankan kò tíì dé rí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó tọ́jú àwọn ọmọ-ogun tí ìbọn ba ọ̀pá ẹ̀yìn wọn jẹ́. Ó kú ní ọdún 1927.

Àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé sọ pé obìnrin kò yẹ fún iṣẹ́ náà. Ọwọ́ àti ojú àwọn aláìsàn ni ó jẹ́rìí pé ó yẹ.

Ìbéèrè
1. Ilẹ̀kùn wo ni ó wà ní títì fún obìnrin ní Párìsì?
2. Kí ni ó pa ọwọ́ àti ojú pọ̀ nínú àrùn tí Augusta ṣàlàyé?
3. Ṣe àlàyé òwe yìí: Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n.